Ìbákà Náà Ń Lọ Sí Ilé-Ẹ̀kọ́

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n kí á tó dé orí ẹyẹ, àṣìṣe tiwa kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa ní Ayétòrò. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ọdún 65. Gààrí ni ìyá yìí ń tà, ó sì ní ọmọbìnrin kan tó ń gbé òdìkejì ẹnubodè, ní Kútọnu. Ọmọ yìí a máa kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Ìyá kò mọ̀wé kà, nítorí náà ọmọkùnrin aládùúgbò kan ni í máa bá a ka gbogbo rẹ̀. Ohun tí ọmọ yìí bá kà ní òwúrọ̀, àdúgbò á ti gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí ló mú kí ìyá fi orúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àgbà tí a ń ṣe nínú ilé ìsìn ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ó sọ fún wa pé, "Pásítọ̀, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi jẹ́ tèmi."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìyá kó ìwé àti pẹ́ńsù rẹ̀ wá fún wa. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ má bínú sí mi. Ọpọlọ mi ti gbẹ. Ohun tí tíṣà bá kọ́ mi, kí n tó dé ilé, ó ti fò lọ."

Ní àkókò náà, a ti ka nǹkan díẹ̀ nípa àwọn ẹyẹ tí sẹ́ẹ̀lì tuntun ń hù nínú ọpọlọ wọn, tí wọ́n sì ń kọ́ orin tuntun. Láìrò ó jìnnà, a dá ìyá lóhùn pé, "Mámà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ọpọlọ ìbákà tó ń kọrin lórí igi máńgòrò yẹn ṣe ń hu tuntun lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ náà ni tiyín ń hù." Ìyá rẹ́rìn-ín, ó gba ìwé rẹ̀ padà, ó lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwa náà, a sì tún gbé e gorí àga ìwàásù ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí ìsìn parí, arákùnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹyẹ wo ni wọ́n rí i lára rẹ̀? Ta ló sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ti ènìyàn rí?" A wá èsì, a kò rí. Ojú tì wá. Ẹni tí àwọn ènìyàn ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ kò gbọdọ̀ fi ohun tí kò dá òun fúnra rẹ̀ lójú tu ẹnikẹ́ni nínú. A padà lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, arákùnrin wa yìí sì ràn wá lọ́wọ́. Ohun tí a rí ni a fẹ́ gbé síwájú yín.

TA LÓ KỌ́ ẸYẸ LÓRIN?

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ńṣe ni a bí orin mọ́ gbogbo ẹyẹ. Fún àwọn kan, òótọ́ ni. Ẹ mú òròmọdìẹ kan tó jẹ́ akọ, kí ẹ sìn ín ní òun nìkan, kó má gbọ́ ohùn àkùkọ kankan rí. Bó bá dàgbà, yóò kọ bí àkùkọ yòókù ṣe ń kọ. Àdàbà náà kò nílò olùkọ́. Ṣùgbọ́n ìbákà àti gbogbo ẹ̀yà àwọn ẹyẹ akọrin kò rí bẹ́ẹ̀. Kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ orin wọn, gẹ́gẹ́ bí ayékòótọ́ náà ṣe ń kọ́ ohun tó ń gbọ́ nínú ilé.

Ní àwọn ọdún 1950, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ W. H. Thorpe, ní Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sin àwọn ọmọ ẹyẹ kékeré kan láìjẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin àgbà. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n la ẹnu, wọ́n kọrin, ṣùgbọ́n orin náà kò já gaara. Ó dà bí orin ẹni tó gbọ́ pé orin ń bẹ láyé ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ ọ rí. Ní ọdún 1965, Masakazu Konishi, ọmọ ilẹ̀ Japan, fi òmíràn hàn. Bí ọmọ ẹyẹ bá tilẹ̀ ti gbọ́ orin àgbà, tí etí rẹ̀ bá wá di kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò, orin rẹ̀ yóò dàrú. Èyí ni pé oríṣi gbígbọ́ méjì ni ẹ̀kọ́ orin ń bèèrè: kí ẹyẹ gbọ́ olùkọ́ rẹ̀, kó sì tún gbọ́ ohùn ara rẹ̀, kó lè mọ ibi tí òun ti ṣì í.

Ọmọ ẹyẹ kì í sì í mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan. Ó máa ń kọ́kọ́ ṣe wúyẹ́wúyẹ́ bí ọmọ ọwọ́ tó ń wá ọ̀rọ̀ kiri lẹ́nu. Yóò sọ, yóò ṣì í, yóò tún un sọ, títí yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ohun tó gbọ́. Kódà, ẹyẹ ní ẹ̀ka-èdè. Ní àwọn ọdún 1960, Peter Marler àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kíyè sí irú ẹyẹ kan náà ní agbègbè San Francisco ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé orin ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Èyí kò lè ya àwa ará Yewa lẹ́nu. Ẹni tó bá ti Ìláròó lọ sí Ìmẹ̀kọ yóò rí i pé Yorùbá náà ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ohùn ti yí padà. A kò bí ohùn Kétu mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀RÍ LÁTI JOS

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni èyí, ẹ jẹ́ kí á lọ sí òkè Jos, ní orílẹ̀-èdè wa níhìn-ín. Ẹyẹ kékeré kan wà níbẹ̀ tí ìyẹ́ akọ rẹ̀ dúdú, tó ń dán bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró. Ẹyẹ yìí kì í kọ́ ilé, kì í sì í tọ́ ọmọ. Inú ìtẹ́ ẹyẹ pupa kékeré kan ni abo rẹ̀ ń yé ẹyin sí. Onílé á sàba lé e, á pa á, á sì bọ́ ọ pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Nígbà tí ọmọ àlejò náà bá dàgbà, tó bá jẹ́ akọ, orin ẹyẹ pupa tó tọ́ ọ ni yóò máa kọ mọ́ tirẹ̀. Tó bá jẹ́ abo, akọ tó ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀ ni yóò wá lọ fẹ́.

Ọ̀mọ̀wé Robert Payne ti Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ló fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀lé àwọn ẹyẹ wọ̀nyí káàkiri Áfíríkà. Orin tí ẹyẹ aláwọ̀ aró ti Jos ń sín jẹ ló tọ́ka sí onílé tó ni orin náà, ẹyẹ pupa kan tó ń gbé àárín àpáta. Àwọn onímọ̀ kò tíì kà á sí irú ẹyẹ kan lọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún 1998 ni Payne kọ nípa rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí irú tuntun. Ẹ ò rí i bí, ẹnu ọmọ àgbàtọ́ ni a ti mọ alágbàtọ́ rẹ̀.

Payne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún dán ìbátan ẹyẹ aláwọ̀ aró yìí wò nínú àgò. Wọ́n fi ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹyẹ abẹ́lé kan tó wá láti ilẹ̀ Éṣíà. Orin ará Éṣíà náà ni ọmọ ọ̀hún kọ́. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló pinnu irú orin tí yóò kọ́. Ẹni tó tọ́ ọ ló pinnu rẹ̀.

ỌPỌLỌ TÓ Ń TẸ̀LÉ ÌGBÀ

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá wa wà. Àwọn òyìnbó máa ń sin ẹyẹ aláwọ̀ ìyeyè kan nínú àgò, canary ni wọ́n ń pè é. Erékùṣù Canary, tó wà nínú òkun ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí kò jìnnà sí Mòrókò, wà lára ibi tí a ti kó àwọn baba ńlá rẹ̀ lọ. Ìbátan ìbákà tiwa ni. Ẹyẹ yìí kì í fi orin kan náà parí ayé rẹ̀. Ó máa ń kọrin gidigidi ní ìgbà ìrúwé, nígbà tó ń wá aya. Nígbà tí ìgbà yẹn bá kọjá, orin rẹ̀ á tú, á ju àwọn apá kan nù, á sì kọ́ tuntun dè ọdún tó ń bọ̀.

Fernando Nottebohm, ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Rockefeller ní New York, ló bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí ẹyẹ yìí. Ní ọdún 1976, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kọ̀wé nípa ojúkò tí orin ń gbé nínú ọpọlọ rẹ̀. Ní ọdún 1981, ó sọ pé ojúkò tó tóbi jù nínú wọn máa ń fẹ̀ ní ìgbà ìrúwé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì bó ṣe máa ń rí ní ìgbà ìwọ́wé. Ní ọdún 1983, òun àti Steven Goldman fún àwọn ẹyẹ tó ti dàgbà ní oògùn alámì kan, èyí tó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì lákòókò tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín láti di méjì. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, wọ́n bá àmì náà nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ní ojúkò orin. Ẹyẹ àgbà ni o, kì í ṣe ọmọ!

Ọ̀rọ̀ yìí le fún ọ̀pọ̀ onímọ̀ láti gbà. Ohun tí a fi kọ́ wọn ni pé iye sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí ènìyàn tàbí ẹranko bá dàgbà pẹ̀lú rẹ̀ ni yóò ná títí di ọjọ́ ikú. Ní àwọn ọdún 1960, Joseph Altman ti rí sẹ́ẹ̀lì tuntun nínú ọpọlọ eku, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló fetí sí i. Ẹyẹ akọrin ló wá mú kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ní ọdún 1984, Nottebohm àti John Paton fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kí ẹyẹ gbọ́ ohùn, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń dáhùn.

Ibo ni ẹyẹ wá rí àyè kó gbogbo èyí sí? Ẹyẹ kò lè gbé orí ńlá fò. Ní ọdún 1994, John Kirn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan máa ń kú ní ojúkò orin canary, àwọn tuntun á sì wọlé rọ́pò wọn, ní àkókò tí orin rẹ̀ ń yí padà. Ní ọdún 2000, ìwádìí mìíràn láti ọ̀dọ̀ Nottebohm fi hàn pé ẹyẹ tó bá kọrin púpọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun rẹ̀ máa ń wà láàyè. Anat Barnea pẹ̀lú Nottebohm sì ti rí i ní ọdún 1994, lára irú ẹyẹ kékeré kan tó ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́ káàkiri igbó, pé èyí tó wà ní òmìnira ní sẹ́ẹ̀lì tuntun ju èyí tí a há mọ́ inú àgò lọ ní ibi tí ọpọlọ ń fi ìrántí pamọ́ sí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ dé ìdí. Ẹyẹ kan wà ní Ọsirélíà tí wọ́n ń pè ní zebra finch. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ láyé ló fi ń kọ́ orin kan ṣoṣo, kò sì ní yí i padà mọ́ títí yóò fi kú. Síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tuntun ń wọ ojúkò orin tirẹ̀ náà lẹ́yìn tó dàgbà tán. Nítorí náà, kò tọ̀nà kí a sọ pé níbi tí sẹ́ẹ̀lì tuntun bá ti wà, orin tuntun dé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bí a ṣe wàásù rẹ̀ lọ.

ÈNÌYÀN Ń KỌ́?

Ibí ni àṣìṣe wa wà. Ní ọdún 1998, àwọn onímọ̀ ní Sweden àti Amẹ́ríkà kéde pé àwọn rí àmì sẹ́ẹ̀lì tuntun ní apá kan nínú ọpọlọ àwọn àgbàlagbà, ní ibi tí ìrántí ń gbà kọjá. Inú ayé dùn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ onímọ̀ kan wádìí ibẹ̀ kan náà, wọ́n ní àwọn kò rí sẹ́ẹ̀lì tuntun kankan lára àgbà. Ní ọdún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ mìíràn ní àwọn rí i, kódà lára àwọn arúgbó. Àríyànjiyàn ni wọ́n ń bá ara wọn ṣe lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wá bi ara wa léèrè: ta ni àwa tí a fi dúró lórí àga ìwàásù sọ fún ìyá kan pé sẹ́ẹ̀lì ń hù nínú orí rẹ̀ lọ́dọọdún?

Ṣé pé òfo wá ni ìrètí ìyá ni? Rárá o. Ohun kan wà tó dájú ju ìyẹn lọ. Ní ọdún 2009, Manuel Carreiras àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ogun abẹ́lẹ̀ kan ní Kòlóńbíà tí wọ́n jáde kúrò nínú igbó, tí wọ́n sì wá kọ́ ìwé kíkà nígbà tí wọ́n ti dàgbà. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ wọn, wọ́n fi wé ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò tíì kọ́ ọ. Ọpọlọ àwọn tó ti kọ́ ọ yàtọ̀. Àwọn ibi tí a fi ń mọ lẹ́tà àti ohùn ọ̀rọ̀ nípọn sí i, okùn tó so apá ọ̀tún àti apá òsì ọpọlọ pọ̀ sì lágbára sí i. Àgbà ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bóyá sẹ́ẹ̀lì tuntun hù o, bóyá kò hù o, ọpọlọ àgbà ń gba ẹ̀kọ́. Ọ̀nà tó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó ń là sí i, bí ọ̀nà oko tí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí rẹ̀, koríko á bò ó.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ NÍLÉ

Èkínní, ẹ̀yin òbí, ta ló ń kọrin sétí àwọn ọmọ yín? A kò sọ pé ẹ má fi ọmọ sílé-ẹ̀kọ́, tàbí pé Gẹ̀ẹ́sì kò dára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ló ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bó bá la ẹnu tí ẹ kò sì gbọ́ ohùn yín níbẹ̀. Ẹ rántí ẹyẹ aláwọ̀ aró ti Jos. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Èkejì, ẹ má fi ọmọ tó ń ṣì í sọ ṣe yẹ̀yẹ́. Wúyẹ́wúyẹ́ ni orin gbogbo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí a bá fi rẹ́rìn-ín nítorí pé ó sọ Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́ yóò pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ẹni tó bá sì pa ẹnu mọ́ kò lè gbọ́ ibi tí òun ti ṣì í.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin àgbà wa, ẹ má fi ẹnu ara yín ti ìlẹ̀kùn ẹ̀kọ́. Kò lè yá bíi ti ọmọdé, a kò ní purọ́ fún yín. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ṣùgbọ́n ohun tó lọ́ra yàtọ̀ sí ohun tí kò ṣeé ṣe. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ sọ ọ́ jáde, ẹ tún un sọ. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ kò tó. Ìbákà kì í dúró de Ọjọ́rú.

A PADÀ SỌ́DỌ̀ ÌYÁ

A lọ bá ìyá ní ìsọ̀ gààrí rẹ̀. A sọ fún un pé ohun tí a sọ nípa sẹ́ẹ̀lì kò dá wa lójú, pé ti ẹyẹ ni a fi lé ti ènìyàn, kó dárí jì wá. Ìyá wò wá fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Pásítọ̀, ṣé ẹ rò pé nítorí sẹ́ẹ̀lì ni mo ṣe gba ìwé mi padà? N kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo gbà á padà nítorí pé ẹ̀yin kò gbà pé mo ti tán."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára. A sọ èyí tó dájú fún un, pé bó bá ń kà á lójoojúmọ́, ọ̀nà á là. Láti ọjọ́ náà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan a máa bá a ka ojú ìwé kan ní alaalẹ́, kí wọ́n tó gbàdúrà sùn. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, a tún padà sórí àga ìwàásù, a sì tún ọ̀rọ̀ wa ṣe níwájú gbogbo ìjọ. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, àfi arákùnrin wa tíṣà tó mi orí.

Nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, a tún kọjá ní ìsọ̀ ìyá. Fóònù rẹ̀ dún. Ó mú un, ó na apá rẹ̀ jìnnà sí ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ètè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ka owó. Ó pẹ́ gan-an. Oníbàárà dúró, ìyá kò wo ibẹ̀. Nígbà tó yá, ó rẹ́rìn-ín, ó sì pọ́n ọ̀rọ̀ kan lá bí ẹni tó ń tọ́ oyin wò. A béèrè pé, "Mámà, kí ni wọ́n kọ?"

Ìyá fi fóònù náà sí ìdí ìró rẹ̀, ó so ó le. Ó ní, "Ẹ má bínú, Pásítọ̀. Ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi ni."